Kí Ọlọ́kadà Tó Gba Kọ́kọ́rọ́, Kó Kọ́ṣẹ́ Ná

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìmọ́tótó ọjà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń gun ọ̀kadà ni, àwọn tó ń gbé wa láti ilé wá sí ọjà, tí wọ́n sì ń gbé ẹrù wa láti oko wá sí títì.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀, ọdún mélòó ló ń lò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀? Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Onídìrí ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Mẹkáníìkì tó ń tún máṣíìnì ọ̀hún ṣe gan-an, ọdún gbọọrọ ló fi ń gbé irin fún ọ̀gá kó tó gba fúrídọ̀mù. Lọ́jọ́ fúrídọ̀mù, àwa la máa ń dá aṣọ ẹbí, àwa la máa ń se ìrẹsì, ọ̀gá á gbàdúrà, á sì gbé ìwé ẹ̀rí lé ọmọ lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn. Àmọ́ ọmọ tó fẹ́ gun ọ̀kadà, ìrọ̀lẹ́ méjì péré lórí pápá iléèwé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń kọ́ ọ. Bó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sí jíà, tí kò ṣubú mọ́, ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti gbé ìyá àgbàlagbà sẹ́yìn.

Télọ̀ tó bá ba aṣọ jẹ́, a ó bínú, a ó sì ra òmíràn. Ẹni tó bá ba ẹsẹ̀ jẹ́ ńkọ́? Ọjà wo ni wọ́n ti ń ta ẹsẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọ̀kadà o. Nígbà tí ètò SAP dé ní 1986, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ọkọ̀ sì di ọ̀wọ́n gógó, máṣíìnì ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin gbára lé láti bọ́ ilé wọn. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀, Okada Air, làwọn ènìyàn fi ṣe ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí dòní. Ẹni tó ń kó èlùbọ́ láti abúlé apá Ìdó tàbí Akínyẹlé wá sí Bódìjà mọ ohun tí à ń wí. Lásìkò òjò, tí ọ̀nà oko bá ti di ẹrẹ̀, mọ́tò wo ló ń dé ibẹ̀? Ọ̀kadà nìkan ni. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ náà. Nítorí pé iṣẹ́ gidi ni, ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọ bí iṣẹ́ gidi.

Wọ́n á ní, kí ló kan ẹgbẹ́ ọlọ́jà nínú èyí? Ó kàn wá lọ́nà mẹ́ta. Àwa là ń gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wo ibùdókọ̀ ọjà yòówù láàárọ̀, ẹ ó rí obìnrin tó gbé agbọ̀n lé itan. Àwa la bí àwọn tó ń gùn ún. Ẹ̀kẹta wá ni pé, owó àjọ àti owó èsúsú wa ló ra púpọ̀ nínú àwọn máṣíìnì náà, tí a gbé fún ọmọkùnrin kan pé kó máa san díẹ̀díẹ̀ títí á fi di tirẹ̀. Ẹni tó jẹ́ èrò, tó jẹ́ ìyá, tó tún ni máṣíìnì, ta ló tún lẹ́nu ọ̀rọ̀ jù ú lọ?

Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, owó ọjà ló máa ń bá a lọ. Ẹsẹ̀ tó kán kì í jinná lọ́sẹ̀ kan. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin lè kọjá kí onítọ̀hún tó lè dúró nídìí àtẹ. Bí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, owó ni. Bí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun lábẹ́lé, owó náà ni. Ìsọ̀ á wà ní títì, oníbàárà á yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹni tó kó ọjà àwìn fúnni kò sì ní torí ẹsẹ̀ gbàgbé gbèsè rẹ̀. Owó tí ènìyàn fi ọdún mẹ́wàá tò jọ á ti tán kí ó tó ju ọ̀pá nù. Ẹ̀yin náà mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí nínú ọjà wa, a kò ní dárúkọ.

Kí ló wà nínú ẹ̀kọ́ náà tí ìrọ̀lẹ́ méjì kò lè kọ́ni? Ó pọ̀ jàre. Ẹ mú ọ̀rọ̀ bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ni kì í fọwọ́ kan bíréèkì iwájú rárá, torí wọ́n ti sọ fún wọn pé á dojú wọn dé. Bíréèkì ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí a bá fẹ́ dúró, ńṣe ni ìwúwo máṣíìnì àti èrò ń rọ́ lọ síwájú, táyà iwájú ló sì ń di ilẹ̀ mú jù. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé méjèèjì là ń lò pọ̀, àti pé a kì í já tiwájú gbà lójijì, díẹ̀díẹ̀ là ń fún un títí á fi le.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ eré. Bí ọlọ́kadà bá sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì máa gbé e dé kó tó dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ọmọdé tó sáré sójú títì kò mọ ìyẹn. Ọlọ́kadà ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Òjò náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Òjò wíníwíní tó bá kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ ló ń yọ̀ jù, torí epo mọ́tò tó ti wà lójú títì á dà pọ̀ mọ́ omi. Ẹrù pẹ̀lú ní tirẹ̀: bí a bá di àpò méjì sẹ́yìn, iwájú máṣíìnì á fúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa mì, kò sì ní yà bó ṣe ń yà tẹ́lẹ̀. Kí a tó yà, a ó wo dígí, a ó tún bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn máṣíìnì tó wà níwájú ọjà wa ló tiẹ̀ ní dígí? Wọ́n ti tú u dànù kí wọ́n lè máa há ara wọn gba àárín ọkọ̀ kọjá.

Òfin ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Àwa ará Ọ̀yọ́ kò ní gbàgbé àwọn Májàmájà, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa ní 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, ìyẹn FRSC, sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Láísẹ́ǹsì àwọn tó ń gun máṣíìnì yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń wa mọ́tò, kíláàsì A ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́, kó ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ VIO, kó tó lọ ya fọ́tò, kó sì tẹ̀ka. Ohun tí òfin wí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe. Wọ́n á gba ẹ̀yìn wá láísẹ́ǹsì, wọn kò ní jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́, wọn kò ní ṣe ìdánwò kankan. Láísẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀, ìwé lásán ni. Ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kò lè gbà á lọ́wọ́ tírélà.

Òfin tí a bá gbé jáde láìkọ́ni, ẹ̀rín ló máa ń dà. Ẹ rántí January 2009, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ọlọ́kadà àti èrò máa dé akoto, èyí tí à ń pè ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ìkòkò àti ike ọ̀dà. Èrò náà ń sá fún un, wọ́n ní wọ́n lè ti fi oògùn sí i. Gbogbo ayé fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Bẹ́ẹ̀ akoto kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àwọn olùwádìí tó kó ìwádìí láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ ní 2008 rí i pé ó ń dín ikú àwọn tó bá ní ìjàǹbá lórí máṣíìnì kù ní nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní nǹkan bí 69. Ká ní wọ́n ti jókòó ṣàlàyé èyí ní ọjà àti ní gáréèjì ṣáájú, bóyá igbá ì bá ti wà ní ìdí àmù tó yẹ ẹ́.

Àwọn mìíràn ní kí ìjọba kúkú fòfin de ọ̀kadà pátápátá. Èkó ti gbìyànjú rẹ̀. Ní 2012, wọ́n lé e kúrò ní ojú ọ̀nà 475. Ní February 2020, wọ́n lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, àwọn ènìyàn sì fẹsẹ̀ rìn títí ẹsẹ̀ fi wú. Ní 2022, wọ́n tún gbé òfin mìíràn dé. Bí wọ́n bá lé ọlọ́kadà, ṣé yóò jókòó sílé ni? Ọ̀nà ẹ̀yìn ni yóò gbà, yóò máa sá fún ọlọ́pàá, yóò máa dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, tòun ti èrò lẹ́yìn. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwọn tó ń ná Dantokpa ní Kútọnu ti rí àwọn sémíjàn tó wà níbẹ̀. Ẹ̀wù aláwọ̀ yẹ́lò ni wọ́n ń wọ̀, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé ẹrù ẹni lọ, tàbí tó gbá ènìyàn tó sá, nọ́ńbà wà tí a ó dì mú. A kò sọ pé gbogbo wọn ló mọ máṣíìnì gùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí a mọ nọ́ńbà rẹ̀ yóò rọra ṣe. Kí ló ní kí tiwa náà má lè rí bẹ́ẹ̀?

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Èkínní, ọmọ ẹgbẹ́ wa tó bá fẹ́ ra máṣíìnì fún ènìyàn, kó má fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ àfi tó bá rí láísẹ́ǹsì kíláàsì A tí onítọ̀hún fi ẹ̀kọ́ àti ìdánwò gbà. Bí kò bá lówó rẹ̀, ẹ pa owó ẹ̀kọ́ àti owó akoto méjì pọ̀ mọ́ owó máṣíìnì, kó máa san gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Kò ní ju agbára rẹ̀ lọ tó bá wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èkejì, kí àwọn aṣíwájú wa pe ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ibùdókọ̀ wa jókòó. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kí ni wọ́n ń fi owó náà ṣe fún wọn? Kí díẹ̀ nínú rẹ̀ máa lọ sí àpò ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí FRSC àti VIO, kí wọ́n wá kọ́ wọn níbí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìmọ́tótó tí ìsọ̀ wà ní títì. Kí wọ́n sọ ọ́ lédè Yorùbá, àti lédè Haúsá fún àwọn tó ń gbọ́ ọ. Kí wọ́n sì jẹ́ kí oníkálukú gun máṣíìnì níṣojú wa. Ẹ ní kó rọra gùn ún tẹ̀lé ìlà kan láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹ ní kó dúró lójijì níbi tí a sàmì sí. Eré sísá kò le, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló le. Ẹni tó bá yege, kó gba ẹ̀wù onínọ́ńbà, ká sì ṣe fúrídọ̀mù fún un bí a ti ń ṣe fún télọ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀wù, kò ní gbé èrò níwájú ọjà wa.

Àwa èrò náà ní iṣẹ́ tiwa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kó ènìyàn méjì sẹ́yìn. Ẹ má ṣe máa kígbe pé “yára o, ọjà ti tú.” Ẹ so ìró yín mọ́lẹ̀ dáadáa kí táyà má bàa gbé e. Ẹ̀gbẹ́ tí sàlẹ́ńsà kò sí ni kí ẹ ti máa gùn ún, kó má jó yín lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń gbóórùn paraga lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, òmíràn ń bọ̀. Ní ti akoto, ẹni tó bá ń bẹ̀rù ti ọlọ́kadà kó ra tirẹ̀, kó ká gèlè rẹ̀ sínú báàgì. Gèlè ṣeé tún wé.

Bí a bá panu pọ̀, kò sí ọlọ́kadà tí yóò lè sọ pé òun kò kọ́ṣẹ́, torí ta ni yóò wá gbé? Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí oníkálukú sọ tẹnu rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, kó má jẹ́ tiwa. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa, kí ọjà wa tòrò, kí àwọn ọmọ wa máa kó èrè wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn méjèèjì. Àṣẹ.