Ibùsọ̀ Mélòó Ni Ajégúnlẹ̀ Sí Accra?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Ìbéèrè tí a fẹ́ kí gbogbo wa jọ rò ni pé, kí ni a fi ń mọ̀ pé ọ̀nà jìn?

Láti Èkó sí Accra lójú òfuurufú, nǹkan bíi 400 kìlómítà ni, ìrìn bíi wákàtí kan. Aago Gánà tún fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa: ọkọ̀ tó bá gbéra ní Ìkẹjà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lè balẹ̀ ní Accra nígbà tí aago tiwọn náà ń lu mẹ́jọ. Èkó sí London tó tó 5,000 kìlómítà, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n láti pápákọ̀ òfuurufú kan sí òmíràn ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ta ló ń sùn sí pápákọ̀? Láti Boundary ní Ajégúnlẹ̀, tàbí Wharf ní Àpápá, dé pápákọ̀ Ìkẹjà kò tó 25 kìlómítà. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ aago mẹ́jọ gbọ́dọ̀ ti dé ibẹ̀ ní aago márùn-ún, nítorí pé ilẹ̀ òkèèrè ló ń lọ. Nítorí tìrélà, tánkà àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, aago mẹ́ta òru ni yóò ti kúrò nílé. Wákàtí márùn-ún nílẹ̀, wákàtí kan lókè!

Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé àwọn baba wa kò ṣe ìṣirò báyìí. Ibùsọ̀ tí a fi ń pe máìlì lónìí, ibi tí alárù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kó lè sinmi ni. Agbára ẹni tó ń rìn ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà.

Àwọn kan á ní ìjọba ń gbìyànjú. Lóòótọ́, láti oṣù Kejì ọdún 2021 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ayélujára pe tìrélà wọ èbúté Àpápá, kí wọ́n má baà máa tò sójú títì. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Èèyàn ńkọ́?

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń kó èrò láti Mile 2, ẹ̀bá Ajégúnlẹ̀, lọ sí Màrínà. Aláwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, láti Àgbàdo dé Ọyìngbò, ó sì ń gba Ìkẹjà kọjá. Àwọn méjèèjì kò tíì pàdé. Ẹni tó bá sọ̀ ní Màrínà ní láti tún wá ọkọ̀ dé Ọyìngbò.

Ní tiwa, kí ìjọba Èkó so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ ní kíá, kí ọkọ̀ tó ṣeé gbójú lé sì máa gbé èrò láti ibùdókọ̀ ojú irin Ìkẹjà dé pápákọ̀. Ìgbà yẹn ni Accra yóò tó súnmọ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀.