Àyẹ̀wò HIV Láti Inú Ẹnu: Ohun tí Ó Yẹ kí Òṣìṣẹ́ Ọ̀tà àti Sango Mọ̀

Ní Ọ̀tà àti Sango-Ọ̀tà, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ fìdí kalẹ̀ sí, òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ kì í sábà ráyè lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹlòmíràn ráyè, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù kí ojúlùmọ̀ má rí òun níbi àyẹ̀wò HIV. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò tí a ń fi omi inú ẹnu ṣe fi ṣe pàtàkì.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) dámọ̀ràn pé kí ènìyàn lè yẹ ara rẹ̀ wò fún HIV. Ní ọdún 2017, ó fọwọ́ sí OraQuick, tí a ń fi ra èrìgì òkè àti ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A ó tì í bọ inú omi tó bá a wá, a ó sì wo èsì láàárín ogún sí ogójì ìṣẹ́jú. Kì í ṣe kòkòrò náà ni ó ń wá, bí kò ṣe èròjà tí ara ń pèsè láti bá a jà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé itọ́ ń tan HIV kálẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì C fi hàn pé a kò rí èròjà náà. Bí ó bá tó oṣù mẹ́ta tí ènìyàn ti fara kó ewu kẹ́yìn ni èsì yìí tó ṣeé gbára lé. Ìlà méjì kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn: ó di dandan kí a fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ilé-ìwòsàn. Ẹni tó ti ń lo oògùn HIV kò gbọdọ̀ fi èyí yẹ ara rẹ̀ wò, nítorí èsì rẹ̀ lè ṣini lọ́nà.

Ìrọ̀rùn yìí ní ewu tirẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ní ìyẹ̀wù ni a lè fi ipá múni ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 kò gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti sọ àyẹ̀wò HIV di dandan kí ó tó gbani síṣẹ́.

Àwọn àgbà ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ọ̀fẹ́ ni oògùn HIV ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó bá tètè mọ ipò rẹ̀, tó sì ń lo oògùn déédéé, lè pẹ́ láyé, kí ó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà.