Ìrẹsì Ọdún Kì Í Ṣe Ìtọ́jú Àgbà

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ alága káńsù nílẹ̀ Yorùbá a máa kó àwọn àgbà jọ sí ọgbà sẹkitéríàtì. Wọ́n á bu ìrẹsì fún wọn, wọ́n á fún wọn ní òróró, àwọn oníròyìn á ya fọ́tò, ó di àmọ́dún. Kò sí ẹni tó yẹ kó bínú sí ìrẹsì. Ebi ń pa àgbà bó ṣe ń pa ọmọdé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ ètò ni èyí tí ìyá arúgbó mọ̀ dájú pé òun yóò bá níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, àti lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, yálà ìbò ń bọ̀ tàbí kò bọ̀. Irú rẹ̀ ni káńsù jẹ àwọn àgbà. Iṣẹ́ ọnà ló sì yẹ kó wà láàárín rẹ̀: kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣí gbọ̀ngán ìlú fún wọn, kó máa san owó fún àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà nínú wọn láti máa ṣe é, kí wọ́n sì máa fi kọ́ni.

Òfin kò di káńsù lọ́wọ́. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Níbẹ̀, ilé ìtọ́jú fún aláìní àti aláìlera wà nínú gbólóhùn kan náà pẹ̀lú itẹ́ òkú. Itẹ́ òkú kò ṣòro rí. Ilé tí káńsù kọ́ fún aláìlera ló ṣọ̀wọ́n. Àfikún kan náà yìí fún káńsù ní ipa nínú ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ètò ìlera. Ìyá tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí a ṣe ń ṣe àdìrẹ, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló ń kọ́ wọn. Kò dìgbà tí Abuja bá ṣe òfin tuntun kí alága tó lè san owó iṣẹ́ fún un.

Ẹ̀rí pé irú nǹkan báyìí ń ṣe àgbà lóore kò sì jìnnà. Láàárín 2003 sí 2004, àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọjọ́ ogbó ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ èdè Yorùbá. Àwọn ẹni ọdún 65 sókè tó lé ní 2,000 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó ń jẹ́ kí ayé àgbà tu ú lára, àjọṣe pẹ̀lú ẹbí àti ìkópa nínú ohun tó ń lọ ládùúgbò wà lára àwọn tó lágbára jù lọ. Bí àgbà bá wá wà nínú yàrá láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí kò sí ẹni tó ń bi í ní ohunkóhun, àìsàn mìíràn nìyẹn, kódà bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò bá tán.

Ohun tí wọn ì bá sì máa bi í pọ̀. Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí gbọ̀ngán Mápò n'Ìbàdàn lọ́dún 1929, àwọn obìnrin aláró wo ilé ìjọba ìlú náà, wọ́n ya òpó rẹ̀ sára aṣọ. Ọnà náà wà nínú aṣọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn títí dòní. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń yà á, pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Bí aró bá ti mu aṣọ, tí ó sì gbẹ, wọ́n á ha ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà á yọ. Ọdún gbọọrọ ni ọwọ́ fi ń mọ̀ ọ́n. Lónìí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ti wọ ọjà àdìrẹ, àwọn tí ọwọ́ wọn mọ ti ẹlẹ́kọ sì ti ń dàgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjálá lẹ́nu àwọn ọdẹ, àti ẹkún ìyàwó tí ọ̀pọ̀ ìyàwó òde òní kì í sun mọ́. Lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ló kù sí. Ìjọba ìbílẹ̀ wo ló ti lọ bá wọn pé kí wọ́n wá kọ́ni, kí wọ́n sì gbowó iṣẹ́?

Pernambuco ní Bùràsílì ti ṣe é. Lọ́dún 2002, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tó ń san owó oṣooṣù fún àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ àṣà ìbílẹ̀ títí wọn yóò fi kú, ó sì là á sílẹ̀ pé kí wọ́n máa kọ́ ẹlòmíràn. Lia de Itamaracá, olórin ciranda, wà lára àwọn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀. Ìbátan Yorùbá sì wà níbẹ̀: ní Recife, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, ni ilé òrìṣà Ọba Ògúnté wà, tí wọ́n ti ń forin Yorùbá bọ òrìṣà títí di òní.

Àwọn kan yóò sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ ni kó tọ́jú òbí, kì í ṣe káńsù. Òtítọ́ ni pé ojúṣe ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ti wà l'Ékòó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston. Owó ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, owó kì í sì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án gangan. Gbọ̀ngán tí àgbà ti ń rí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gba iṣẹ́ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti owó, lọ́jọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Ìmúṣẹ rẹ̀ ń falẹ̀, owó oṣù olùkọ́ àti ti òṣìṣẹ́ ìlera ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Síbẹ̀, ohun tí ètò yìí ń béèrè kò pọ̀: gbọ̀ngán tó ti wà nílẹ̀, lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, àga tó ní ẹ̀yìn, ilé ìyàgbẹ́ tí kò ní àtẹ̀gùn, kẹ̀kẹ́ márúwá tí yóò gbé ẹni tí orúnkún ń dùn, nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìlera alábọ́ọ́dé tí yóò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, àti owó iṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ́ni. Iye tí wọ́n ń ná sórí àsọyé àti àpèjẹ ọdún lè gbé púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun kan péré ló lè pa á lọ́mọdé: kí ó jẹ́ ti alága nìkan. Ní 2011, ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣooṣù fún àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65. Nígbà tí ìjọba yí padà lọ́dún 2014, owó náà dúró. Nítorí náà, káńsẹ́lọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kí wọ́n fi òfin káńsù gbé e kalẹ̀, kí iye rẹ̀ fara hàn nínú ìṣúná ọdọọdún. Kí ẹni tó bá ń ka èyí béèrè lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ pé èló ló wà níbẹ̀ fún àwọn àgbà lọ́dún yìí, lẹ́yìn ìrẹsì.