Owó Àjọ Kì Í Ṣe Owó Ẹnìkan

 

Àwọn kan ṣì ń rò pé bí àwọn bá jẹ báńkì kan lówó, àwọn á kówó sá lọ sí báńkì mìíràn. Ọgbọ́n yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní GSI. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i nígbà tó ń yáwó, tí kò sì san án, báńkì tó yá a lówó lè fa owó àti èlé rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn. BVN ni wọ́n fi ń tọ́pa rẹ̀.

A ò sọ pé kí èèyàn má san gbèsè o. Owó àjọ ló ń kọ wá lóminú. Bí alájọ bá kó owó ogún èèyàn sínú àkáǹtì ara rẹ̀, tó sì jẹ gbèsè, báńkì ò mọ̀ pé owó Ìyá Aláta wà níbẹ̀.

Nítorí náà, kí owó àjọ wà lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i. Kí onígbèsè tètè lọ bá báńkì sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ ka ìwé ẹ̀yáwó fún un kó tó tẹ̀ka. Òógùn ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá gbèsè wa lọ.