Ọdẹ tó ń fi nọ́ńbà ńlá ra bainókúlà, òkùnkùn ló ń fowó rà

Kò sí ọdẹ n'Ífẹ̀ tí kò mọ̀ pé àárọ̀ kùtù, bíi aago mẹ́fà àbọ̀, àsìkò ẹran ni. Ẹtu á ti máa jẹ̀ létí oko kòkó, àgbọ̀nrín á ti máa yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ padà sínú igbó. Ṣùgbọ́n àsìkò yẹn náà ni àgbẹ̀ ń lọ sóko, àsìkò yẹn ni ẹlẹ́mu ń lọ sídìí ọ̀pẹ, àsìkò yẹn náà ni ìyá tó ń ṣẹ́gi ìdáná ń bẹ̀rẹ̀ láàrin ewé. Ewé á mì, ọdẹ á gbé ìbọn sójú. Kí ló wà níbẹ̀ yẹn? Ṣé ẹran ni àbí èèyàn?

Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn ìbéèrè yìí kó tó fọwọ́ fa nǹkan, ọ̀rọ̀ ẹ̀ lè di ti ọlọ́pàá àti adájọ́, ó sì lè di ẹkún tí kò ní tán títí ọjọ́ ayé ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Cuba, ìtàn kan wà nípa Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà àwọn ọdẹ, pé ẹnì kan jí ẹyẹ ẹ̀ kó, inú bí i, ó sì ta ọfà kan sókè pé kó lọ bá olè náà lọ́kàn. Ọfà ò tàsé. Àfìgbà tó délé tó rí i pé ìyá òun lòun pa. Ọfà mọ̀nà, ojú ẹni tó ta á ni kò ríran débẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi dáa bí àwọn ọdẹ kan ṣe ti ń gbé bainókúlà kọ́rùn lọ sígbó báyìí, ìyẹn awò ńlá onídìígí méjì tí àwọn ṣọ́jà máa ń fi wo ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti lù ní jìbìtì kí wọ́n tó kúrò lọ́jà. Ẹ̀tàn ọ̀hún ò sì le rárá, orí nọ́ńbà ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ọdẹ bá dúró níwájú ọmọ tó ń tà á lẹ́bàá títì, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ nìyí: "Bàbá ọdẹ, ẹ káàsán sà! Ẹ wá wo 60x60! Tẹ́ ẹ bá dúró sí Lágéré níbí, ẹ máa rí ẹni tó ń jẹun n'Ípetumodù!" Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọmọ mi, èló lo fẹ́ẹ́ gbà?" Wọ́n á dúnàádúrà, bàbá á sanwó, á gbé ẹrù ẹ̀ lọ. Ó di ìdájí ọjọ́ kejì nínú igbó, ó gbé e sójú, gbogbo nǹkan ṣú dùdù. Ojú lásán tó fi ń wò tẹ́lẹ̀ gan-an sàn jù ú lọ.

Kí ló fà á? Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára bainókúlà, bíi 8x42. 8 tó ṣáájú yẹn ni iye ìgbà tó ń fa nǹkan súnmọ́ni. Ẹran tó wà níbi mítà 80, á dà bíi pé mítà 10 péré ló wà. 42 tó tẹ̀lé e ni fífẹ̀ dígí iwájú, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, mìlímítà ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí ọlọ́jà ò ní sọ ni pé kéèyàn fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ pín ìkejì. 42 tá a bá fi 8 pín, ó jẹ́ 5.25. Fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde bọ́ sínú ẹyinjú nìyẹn, ní mìlímítà.

Ọmọlójú èèyàn kì í ṣí bákan náà lọ́sàn-án àti lóru. Lọ́sàn-án gangan, bíi mìlímítà 2 sí 3 ló máa ń ṣí. Tílẹ̀ bá ṣú, ti ọ̀dọ́ lè ṣí dé 7, ti àgbàlagbà kì í sábà ju bíi 5 lọ. Bainókúlà 8x42 tó ń gbé 5.25 jáde, ó máa kún ojú bàbá ọdẹ bámúbámú ní ìdájí. 10x42 ń gbé 4.2 jáde, ìyẹn náà ṣì dáa. Àmọ́ 20x50, pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹ̀, 2.5 péré ni. Èyí tó kéré bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní 10x25, 2.5 lòun náà. Lọ́sàn-án, èèyàn ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ tí ẹran ń jáde gan-an ló máa dójú ti olówó ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó fà á súnmọ́ tó fi gbàgbé ìmọ́lẹ̀, òkùnkùn ló fowó rà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí awò bá ṣe ń sọ nǹkan di ńlá náà ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá. Tó bá ti kọjá 10, àfi kéèyàn gbé e lé nǹkan lórí. Ọdẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè tán, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí ló fẹ́ẹ́ fi 20 rí? Yàtọ̀ síyẹn, bó ṣe ń fà á súnmọ́ sí i ni ibi tó ń fi hàn ń kéré sí i. Nínú oko kòkó tó pọ̀ yí Ifẹ̀ ká, níbi tí igi ti há mọ́ra, kí ọdẹ tó fi awò tó há wá ibi tí ẹran wà, ẹran ti lọ. Ẹni tó ń dẹ̀gbẹ́ lápá Ṣakí, níbi tí pápá ti tẹ́ lọ rẹrẹ, lè ra 10x42. Ti Ifẹ̀, 8x42 tàbí 8x40 ló bá igbó mu.

Ti 60x60 ń kọ́? Kẹ́ni tó fẹ́ẹ́ rà á kàn mú rúlà ọmọ iléèwé dání. Kó fi wọn dígí iwájú. Bí wọ́n bá kọ 60 sí i, tí rúlà ní 35, ayédèrú ni. Ẹni tó bá parọ́ lórí ohun tí rúlà lè wọ̀n, kí ló máa wá sọ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀?

Tó bá kan ọ̀rọ̀ owó, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Òkè pátápátá ni Zeiss, Leica àti Swarovski wà, èyí tó ga jù nínú tiwọn ju dọ́là 2,000 lọ. Ìyẹn ò kan ọdẹ tó lọ́mọ níléèwé. Ìsàlẹ̀ ni ohun ìṣeré ọmọdé wà. Àárín ni ọjà wa wà, láti bíi dọ́là 100 sí 300, tí náírà ẹ̀ sì ń tẹ̀ lé bí dọ́là bá ṣe rí lọ́jọ́ náà. Nikon, Vortex, Bushnell àti Celestron ní oríṣiríṣi tó bọ́ sáàárín owó yìí. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohun ìṣeré àti ti àárín yìí pọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Èyí tó wà láàrin ti àárín àti ti olówó gegere, ọ̀pọ̀ ọdẹ ò ní rí i lójú.

Bó ṣe rí náà ṣe kókó. Oríṣi méjì ni. Àkọ́kọ́ ni èyí tó rọ́ bí ìgúnpá, tí èjìká ẹ̀ yọ síta. Ará Ítálì kan, Ignazio Porro, ló gba ìwé àṣẹ ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀ lọ́dún 1854, ilé iṣẹ́ Zeiss ní Jámánì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1894. Ìkejì ni èyí tó lọ gbọọrọ bíi páìpù méjì tí wọ́n so pọ̀. Bówó bá kéré, onígúnpá ló sábà máa ń mọ́ jù ní iye owó kan náà, nítorí pé òun rọrùn láti ṣe. Àmọ́ àwọn olópòó gbọọrọ ló sábà máa ń le sí omi. Ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ bí ti Ifẹ̀, ẹni tó bá lówó tó ju dọ́là 150 lọ, kó ra olópòó gbọọrọ tí omi ò lè wọ̀, tí wọ́n rọ náítrójìn sínú ẹ̀. Ẹni tí owó ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, kó ra onígúnpá 8x40 tó dáa, kó sì máa fi ṣọ́ra fún òjò.

Kó má sì jẹ́ kí àwọ̀ dígí tan òun jẹ. Ọ̀pọ̀ ló máa rí èyí tí dígí iwájú ẹ̀ pọ́n bí ata, tí ọlọ́jà á ní ti ṣọ́jà ni. Irọ́ gbáà! Dígí tó pọ́n yẹn ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà síta ni, bẹ́ẹ̀ pupa ara àgbọ̀nrín wà lára ohun tí ọdẹ fi ń yà á sọ́tọ̀ láàrin ewé tútù. Dígí tó dáa máa ń dán lára díẹ̀díẹ̀ bí àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ àlùkò. Èyí tó bá funfun báú bíi dígí ìwojú, kò sí nǹkan tí wọ́n fi pa á lára, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ṣòfò níbẹ̀.

Kówó tó jáde lápò, nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí ọdẹ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Àkọ́kọ́, kó na bainókúlà síwájú sí ojú ọ̀run, kó jìnnà sójú ẹ̀ níwọ̀n apá kan, kó wo ìmọ́lẹ̀ kékeré méjì tó wà níbi tí wọ́n ń gbé ojú sí. Tó bá rí róbótó, ó dáa. Tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá dà bíi pé wọ́n gé e di onígun mẹ́rin, dígí inú ẹ̀ ò tó nǹkan. Ìkejì, kó wo òpó iná tàbí etí òrùlé tó jìnnà fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá ń rí òpó kan ní méjì, tàbí tí orí bá ń fọ́ ọ, inú awò náà ti yẹ̀, kó dá a padà. Ìkẹta, tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí iwájú ẹ̀, kó wo inú. Tó bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, ebu ló ti hù síbẹ̀, kì í sì í rọrùn tún ṣe.

Kó má sì bínú sí awò tó dáa nítorí pé kò mọ̀ ọ́n lò. Ojú òsì àti ọ̀tún kì í sábà ríran bákan náà. Kó di ojú ọ̀tún, kó fi òsì wò, kó yí kẹ̀kẹ́ tó wà láàrin títí á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, kó di òsì, kó yí òrùka tó wà níbi ojú ọ̀tún. Ó parí nìyẹn. Ẹni tó ń lo awò ojú, kó ká rọ́bà tó wà níbi ojú sísàlẹ̀, kò ní láti bọ́ awò ẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má fi wo oòrùn láé, ojú lè fọ́.

Tó bá délé, kó má gbé e kọ́ sí àjà tí èéfín wà. Kó fi sínú ike tó dé dáadáa, pẹ̀lú àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kí wọ́n má jẹ, torí òun ló ń fa ọ̀rinrin mu. Lásìkò ọyẹ́, kó fẹ́ eruku kúrò kó tó nù ún. Ẹni tó bá fi etí dàńṣíkí gbo eruku mọ́ dígí, ó ti fi yanrìn ha á.

Ó kù ẹyọ kan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Bainókúlà kì í tan ìmọ́lẹ̀, kò sì lè rí ohun tí òkùnkùn bò pátápátá. Ọdẹ òru ṣì nílò iná orí, ó sì gbọ́dọ̀ rántí pé ojú ewúrẹ́, ojú ajá àti ojú màlúù ń tàn bíi ti ẹtu. Ọdẹ tó lọ́gbọ́n, bainókúlà ló ń kọ́kọ́ gbé sójú, kì í ṣe ìbọn. Ẹni tó ń fi ìbọn wá ẹran kiri, ó ti na ìbọn sí èèyàn kó tó mọ̀ pé èèyàn ni. Kí ọdẹ rí orí, kó rí etí, kó rí ẹsẹ̀. Kó wò ó bóyá ìwo wà lórí àgbọ̀nrín, nítorí abo ẹ̀ kì í ní ìwo, ó sì lè lọ́mọ lẹ́yìn. Bí kò bá tíì rí gbogbo ìyẹn, ìbọn ò gbọdọ̀ kúrò léjìká.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti kọjá ẹran pípa. Láti ọjọ́ 9, oṣù Kìíní, ọdún 2020, tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn n'Íbàdàn, ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ti di ẹ̀ṣọ́ ìlú. Ẹni tó ń ṣọ́ igbó nílò láti mọ̀ láti òkèèrè bóyá àdá àgbẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àjèjì tó ń bọ̀ àbí ìbọn. Ẹni tó ríran dáadáa ní mítà 100 á lè ronú, á lè pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, á sì lè jẹ́ kí ẹni tí kò ṣẹ̀ kọjá lọ ní tiẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọdẹ tó lówó etu àti ọta, tó ń sọ pé òun ò lówó ohun tóun máa fi ríran, kó tún ìṣirò ẹ̀ ṣe. Ẹran tó bá lọ lónìí, ó lè padà wá lọ́la. Èèyàn tí ìbọn bá bà, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ra òmíràn.