Obì Tó Gba Ìdìrókò Kọjá Kì Í Ṣe Fàyàwọ́

Ẹ̀yin ará Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, láti Ìpókíá dé Ìmẹ̀kọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti gbà gbọ́ débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. A gbà pé ọjà tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá lọ bá òyìnbó nìkan ni Nàìjíríà tà sílẹ̀ òkèèrè. Èyí tó bá gba Ìdìrókò lọ sí Àjàṣẹ́, tàbí tó gba Ìmẹ̀kọ lọ sí Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, a ní fàyàwọ́ ni. Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé NEPC, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa ti títa ọjà wa sílẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn, ti àwọn olówó Èkó àti Àbújá ni, kò kan ìyá olóbì. Irọ́ ni. Irọ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ wa ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbà á.

Òfin ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òfin. Ní 1975 ni wọ́n dá ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀, ní Èkó níbí. Ní 1979, àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ fẹnu kò pé irè oko tí ẹ̀rọ kò tíì kàn, ẹran ọ̀sìn àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ yóò máa kọjá láàárín wọn láìsan owó ibodè. Wọn ò tilẹ̀ béèrè ìwé-ẹ̀rí ibi tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti wá. Ní 1990 ni wọ́n tó fi ọjà iléeṣẹ́ kún un. Ẹ ò rí i pé apẹ̀rẹ̀ obì ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà gbà, kí ẹrù ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e.

Ṣé fàyàwọ́ kò wá sí ni? Ó wà. Bẹntiróòlù tí wọ́n ń rọ sínú jẹ́ríkánì gbé kọjá lóru nígbà tí ìjọba ṣì ń san owó ìrànwọ́ lé e lórí, fàyàwọ́ ni. Ìrẹsì tí wọ́n ń kó gba orí ilẹ̀ wọlé lẹ́yìn tí ìjọba fòfin dè é ní 2016, fàyàwọ́ ni. Àgbàdo wà lára ohun tí òfin Nàìjíríà kò gbà kí a kó jáde, gẹdú tútù náà sì wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìwé yìí ló ní kí òun gbé e. Ṣùgbọ́n obì kò sí níbẹ̀. Ata kò sí níbẹ̀. Ọsàn àti ẹní kò sí níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí olóbì ń ṣe kí ẹrù rẹ̀ tó dé bọ́dà. Wọ́n á la èèpo, wọ́n á rẹ obì sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á bó o, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Ìgbà náà ni ṣíṣà tó kàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé e sójú, tí wọ́n ń wá ihò bíńtín tí kòkòrò lu sí i. Ewé tútù ni wọ́n fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tún máa tú u palẹ̀ ṣà á, torí ẹyọ kan tó ní kòkòrò lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ta ló tún mọ ọjà yẹ̀ wò ju èyí lọ? Obìnrin tó ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí ló ń gba ọ̀nà igbó lẹ́yìn ọ̀kadà, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé arúfin ni. Ẹni tó bá sì ti gbà pé arúfin lòun, owó ẹ̀yìn ló ń san. Kò jẹ́ béèrè rìsíìtì.

Àwọn kan á ní owó tó ń ti Kétu wá kò tó nǹkan, pé dọ́là ni orílẹ̀-èdè ń wá. Sẹ́fà, owó Benin, tí olóbì ń gbà ńkọ́? Láti 1999 ni wọ́n ti so ó mọ́ owó Yúróòpù ní 655.957 sí Yúrò kan, kò sì tíì yẹ̀. Owó ilẹ̀ òkèèrè gidi ni. Dangote, tó ní iléeṣẹ́ símẹ́ńtì ní Ìbèsè nílẹ̀ wa níbí, ń tà fún àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá, ojú ọ̀nà sì ni tírélà ń gbà. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní fàyàwọ́. Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, iléeṣẹ́ náà sọ ọ́ sójútáyé pé ọjà òun dúró, gbogbo ìlú sì gbọ́, torí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí Ìdìrókò padà. Ohun tí àwọn olóbì àti aláta pàdánù láàárín ìgbà yẹn, ìwé wo ló wà? Ṣùgbọ́n ní 2010, àwọn tó ń ka nǹkan fún ìjọba orílẹ̀-èdè Benin fi ènìyàn sí àwọn ojú ọ̀nà bọ́dà wọn láti ka ẹrù tí kò gba ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá. Wọ́n mọ̀ pé ọjà ni.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ àjọ náà. Òfin ológun kẹrìndínlọ́gbọ̀n ti ọdún 1976 ló dá NEPC sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977. Kì í ra ọjà. Àwọn àgbà wa tó ṣì ń retí kí ìjọba wá gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ bí ìgbà bọ́ọ̀dù kòkó, kí wọ́n gbọ́ pé bọ́ọ̀dù yẹn ti lọ láti 1986. Iṣẹ́ NEPC ni láti forúkọ àwọn tó ń tajà sílẹ̀ òkèèrè sílẹ̀, láti kọ́ wọn ní ohun tí oníbàárà ń fẹ́ àti bí a ṣe ń di ẹrù, láti wá ọjà fún wọn, àti láti sọ fún ìjọba ohun tó ń dí wọn lọ́nà. Kò sí ibì kankan nínú èyí tí wọ́n ti ní àfi ẹni tó bá ní kọ̀nténà. Òótọ́ ni pé ìwé wà láti gbà: fọ́ọ̀mù NXP ní báńkì, àti ìwé àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ irè oko wò. Àìníwèé yàtọ̀ sí ẹrù òfin, àìníwèé sì gan-an ni àrùn tí wọ́n dá àjọ yìí sílẹ̀ láti wò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí a kò bá wò ó, a ti rí i lára ẹ̀wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà, torí oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ; ìgbà tí wọ́n dá kọjá, wọ́n tún sún un síwájú. Oògùn yẹn kan náà ló wà nínú ìgò Sniper tó kún ọjà wa. Tí ẹnì kan bá wọ́n ọn sórí obì nítorí kòkòrò, tí Àjàṣẹ́ wá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, ta ló máa kìlọ̀ fún wa kó tó di pé ilẹ̀kùn tì? Ẹni tí kò mọ̀ pé a wà kò lè kìlọ̀ fún wa.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ olóbì, ẹgbẹ́ aláta, ẹ má dúró de Àbújá. Ẹ sọ ẹgbẹ́ yín di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní ìwé, kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, torí ìnáwó àti wàhálà ìwé tó wúwo fún ẹnì kan kò wúwo fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Kí ẹ kọ lẹ́tà, kí Ọlọ́jà fọwọ́ sí i, kí ẹ béèrè pé kí òṣìṣẹ́ wọn máa jókòó sí Ìlaròó àti Ìdìrókò lọ́jọ́ ọjà, kí fọ́ọ̀mù wà ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì máa ka apẹ̀rẹ̀ tó ń kọjá. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ṣọwọ́ sí aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹ béèrè èsì ní kíkọ sílẹ̀.