Ẹ Má Pè É Ní Èpè, Eruku Òkúta Ni!

Ilé ń hù bí olú ní Ẹdẹ. Láti ìgbà tí Yunifásítì Adeleke ti bẹ̀rẹ̀ ní 2011, tí Redeemer's náà sì ti kó wá sílùú, àwọn onílé tó fẹ́ gba ayálégbé, títí dé Alajue, kì í fẹ́ ilẹ̀ símẹ́ńtì lásán mọ́. Tiles ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́nu á ní kí wọ́n fi gíránáìtì sí ilé ìdáná òun. Iṣẹ́ dé nìyẹn fún àwọn tó ń gé òkúta, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ-iṣẹ́ tó ń gé e dáadáa. Bó bá ti tan ẹ̀rọ báyìí, eruku á bò ó látorí dé ẹsẹ̀, irun ojú rẹ̀ á funfun bíi ti bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwọn tó ń kọjá á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ wo egúngún!" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á fi áńkáṣíìfù nu ojú, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ o. Eruku tó funfun lára rẹ̀ yẹn gan-an kọ́ ló léwu jù. Èyí tójú kò rí ni.

Ohun kan wà nínú iyanrìn, nínú gíránáìtì, nínú tiles àti kọnkéré, tí òyìnbó ń pè ní silica. Nígbà tó ṣì wà nínú òkúta, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí ẹ̀rọ bá lọ̀ ọ́ ni wàhálà dé, torí yóò kúnná ju èlùbọ́ tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Imú máa ń gbá eruku ńlá mú, èèyàn á sín in dànù. Èyí tó kúnná jù á wọlé tààrà dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní jáde mọ́. Ara á bá a jà, kò ní lè pa á, ibẹ̀ á wá di àpá. Ẹ sì mọ bí àpá iná ṣe máa ń rí, kì í nà. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóró á máa le, tí èémí á máa kúrú. Silicosis ni wọ́n ń pe àìsàn náà, kò sì sí oògùn tó lè dá ẹ̀dọ̀fóró ọ̀hún padà sí bó ṣe wà.

Kì í yára o. Ó sábà máa ń tó ọdún mẹ́wàá kó tó fojú hàn, àmọ́ níbi tí eruku bá ti pọ̀ jù, kò ní tó ọdún márùn-ún. Ìdí nìyẹn táwọn ẹbí fi máa ń sọ pé ayé ló ṣe é. Wọ́n á ta ilẹ̀, wọ́n á kó owó fún babaláwo àti wòlíì, nígbà tó jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti kó o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lọ ata lórí ọlọ, èyí kàn yín. Ní 1975, àwọn dókítà kan gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọkùnrin tó ń gbẹ́ ọlọ lókè Ọya. Wọ́n ya fọ́tò àyà wọn, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó ti ní silicosis. Òòlù àti irin lásán làwọn yẹn fi ń ṣiṣẹ́ o! Ẹ wá wo ẹ̀rọ oníná ti òde òní. Ní Australia, òkúta àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní quartz, tí silica inú rẹ̀ lè ju àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọ̀dọ́ tó ń gé e jẹ́ débi pé ìjọba wọn fòfin dè é láti oṣù keje 2024.

Ṣé kí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni? Ó tì o. Omi ni. Òkúta tó bá tutù kì í tú eruku bíi gbígbẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má da omi sórí ẹ̀rọ oníná tí wọn kò ṣe fún omi, iná lè gbé e. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe omi mọ́ ni kí wọ́n lò fún gíránáìtì. Fún tiles lásán, ẹ̀rọ alọ́wọ́ tí wọ́n ń fà tó. Áńkáṣíìfù kò lè dá eruku yìí dúró, ìbòmú N95 táwọn dókítà lò nígbà Kòrónà ni kí wọ́n wá, kó sì lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Bíṣẹ́ bá parí, kí wọ́n wọ́n omi kí wọ́n tó gbálẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó lọ gbé ọmọ mọ́ra nílé.

Ẹni tó bá ti ń húkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ sílé ìwòsàn ìjọba. Ikọ́ ife máa ń tètè mú ẹni tí eruku òkúta ti wọ àyà rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife. Kó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé òkúta lòun ń gé, torí ọ̀pọ̀ kì í sọ ọ́, wọn kì í sì í bi wọ́n.

Òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2010 ka ọmọ-iṣẹ́ náà mọ́ òṣìṣẹ́, ó sì kan àìsàn tí èèyàn kó níbi iṣẹ́. Àjọ NSITF ni ọ̀gá ń san owó rẹ̀ fún. Ọ̀gá mélòó lábẹ́ àtíbàbà ló ń san án? Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ fẹ́ fọmọ síṣẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé, kó tó di ọ̀rọ̀ owó fírídọ̀ọ̀mù àti páálí mọ́ọ̀tì, ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀gá léèrè: ibo ni omi wà, ta ni yóò sì máa ra ìbòmú?